Òórùn Dùùrù

Bí wọ́n bá fi aṣọ dì ọ́ lójú, tí wọ́n sì mú ọ gun àtẹ̀gùn ilé tí Tak Yeonsuk ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù ní ìlú Gunsan, ní Kòríà, imú rẹ á ti sọ ibi tó o wà fún ọ kí etí rẹ tó gbọ́ nǹkan kan. Nísàlẹ̀, òórùn ata láti ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta tteokbokki, oúnjẹ ìrẹsì alátá. Lókè pátápátá, òórùn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí ń kọ́ tẹkwọ́ńdò. Láàárín méjèèjì, lọ́dọ̀ Yeonsuk, pásù ló ń rùn, oògùn àlẹ̀mọ́ tí àwọn arúgbó ń lẹ̀ mọ́ orúnkún, tó máa ń ta ni nímú bíi rọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba sára fèrèsé rẹ̀ ni: "Ilé Dùùrù Ọwọ́ Àlàáfíà. Níbí, Ọwọ́ Kì Í Dun Ọmọ."

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rò pé bí dùùrù ṣe ń rùn nìyẹn.

Ẹ má tíì fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín, nítorí inú iná ló ti kọ́ òfin rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, wọ́n rán an lọ sí Seoul, sọ́dọ̀ bàbá kan tó gbà pé ìrora ni iyọ̀ orin. Bàbá yìí a máa gbé ẹyọ owó lé e lẹ́yìn ọwọ́ bó ṣe ń tẹ dùùrù lọ, bí owó bá sì já bọ́, pẹ́ńsùlù á sọ̀ kalẹ̀ sórí eegun ìka. Bí Yeonsuk bá ní apá ń dun òun, bàbá á ní kó tún un tẹ̀. Ó ń tún un tẹ̀, ó ń tún un tẹ̀, títí apá fi kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé, ó sì sunkún bí ẹni tí òkú kú fún. Nígbà tó sunkún tó, ó gba yàrá lájà kejì, ó kó dùùrù sí i, ó sì ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé: bó bá ti ń dùn ọ́, na ọwọ́ sókè, kó o dúró.

Níbòmíràn, wọ́n á ní kí ọmọ tẹ orin kan ní àtẹ̀túntẹ̀, kó máa kun àwòrán èso ápù kan nínú ìwé fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ ẹ́. Lọ́dọ̀ Yeonsuk, ọmọ á kọ́kọ́ jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn, á mí sínú, á mí síta, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. "Tú èjìká sílẹ̀!" ni orin òwúrọ̀ àti orin ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ohùn tó fi ń sọ ọ́ ló kù díẹ̀ káàtó, torí ó máa ń jágbe mọ́ wọn débi pé èjìká gbogbo ọmọ tó wà nílé á fò dé etí.

Òfin tó dára kì í pẹ́ rí abàlújẹ́ tirẹ̀. Pyo Daon, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ni olórí wọn. Ọmọ yìí lè fún ojú pọ̀ bí ẹni mu ọtí kíkan, kó di ọrùn ọwọ́ mú, kó máa mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tí màlúù kàn. Kí orin tó dé ìlà kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè pé ó ń dun òun. Tíṣà á ní kó lọ sinmi. Kò síbi tí Daon mọ̀ tí wọ́n ti ń sinmi ju ṣọ́ọ̀bù tteokbokki lọ. Bó bá fi máa padà, ata á wà létí ẹnu rẹ̀, apá á sì ti yá.

Ọ̀gá Gwak, tó ni ilé tẹkwọ́ńdò tó wà lókè, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù, a máa pàdé ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, á rẹ́rìn-ín títí. Ó ní lọ́dọ̀ tòun, ọmọ tó bá ní ó ń dun òun, ńṣe lòun máa ń ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àìsàn náà á sì lọ. Yeonsuk dá a lóhùn pé òun náà mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ ọjọ́ tóun bá pe òpùrọ́ kan lópùrọ́, ọjọ́ náà ni ẹni tó ń dùn lóòótọ́ máa pa ẹnu rẹ̀ dé. Nítorí náà, kí Daon máa jẹ tteokbokki rẹ̀ lọ.

Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ títí Ju Seungbeom fi ti Jámánì dé. Ọ̀dọ́kùnrin yìí wé aṣọ kan mọ́rùn tí kì í tú, ìbáà jẹ́ nínú oòrùn, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ dùùrù sí òdìkejì títì gan-an. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá Daon ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí Yeonsuk. Ó kọ́kọ́ búra pé kì í ṣe òun ló sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ látòkè délẹ̀ láìfo ẹyọ kan. Wọ́n ní Tak ò lè tẹ dùùrù mọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò lè sáré ló máa ń wàásù ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Yeonsuk ju bí apá ṣe dùn ún rí lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé níbi eré ìparí ọdún tí àwọn ọmọ máa ń ṣe, Tíṣà fúnra rẹ̀ yóò tẹ orin ńlá kan tí ará Rọ́ṣíà kọ. Orin ọ̀hún le débi pé ojú ìwé rẹ̀ dúdú bí ibi tí èèrà rọ́ sí. Ẹ̀rù ba òun alára nígbà tó lẹ̀ ẹ́ tán.

Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé, á jókòó tì í. Apá tí pásù ti ń mú sùn láti ọjọ́ pípẹ́ jí, ó sì jí pẹ̀lú ìbínú. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ gúngún wo iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì tẹ ìgúnpá rẹ̀ wò, ó sì mi orí. Ó ní bí iṣan yìí bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe dùùrù nìkan ni Yeonsuk máa sọ pé ó dìgbóṣe fún, igi tó fi ń jẹun pàápàá á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yeonsuk tẹrí ba, ó dúpẹ́, ó ra pásù sí i, ó sì padà sídìí dùùrù. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ti Yeonsuk yìí, òógùn ni kò hàn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Daon ló tú àṣírí náà, kò sì mọ̀. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà, ó bá a níbi tó ti lẹ pásù mọ́ ẹ̀yìn, ó gbá a mọ́ra, ó sì sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé ó ń rùn bíi dùùrù. Ìtàn náà rìn dé ilé tteokbokki, ó sì gòkè dé ilé tẹkwọ́ńdò. Ọ̀gá Gwak dènà de Yeonsuk lórí àtẹ̀gùn.

"Màdáámú, èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ní ìpá títa, ọ̀dọ̀ tiyín ló wá ń rùn bí ilé ìwòsàn."

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá látòkè yín."

"Ẹni tó máa dá ni láṣọ, ti ọrùn ẹ̀ là á wò o. Ẹ bá wa fi ìwé ará Rọ́ṣíà yẹn sílẹ̀."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ó ń dùn mí ni?"

"Ẹ ò sọ," ni Ọ̀gá Gwak wí. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Yeonsuk gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, apá rẹ̀ ń jó bí ẹni fi ata pa á. Daon jókòó, ó tẹ ìlà kan, ó fún ojú pọ̀, ó na ọwọ́ sókè.

"Irọ́ lo ń pa," ni Yeonsuk sọ.

Àwọn ọmọ tó wà nínú àwọn yàrá kéékèèké dáwọ́ dúró, torí wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ojú ti Yeonsuk gan-an, ó mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun ya òfin òun. Daon ní tirẹ̀ kò bínú. Ó yíjú padà lórí àga bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè.

"Irọ́ ni lóòótọ́, Tíṣà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"O fún ojú pọ̀ jù."

"Ẹni tó ń dùn gan-an ńkọ́, báwo ló ṣe máa ń ṣe?"

Yeonsuk rántí àárọ̀ ìdánwò nì, òun àti ife omi. Ó rántí ohun tó sọ fún bàbá náà lọ́jọ́ yẹn. "Ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín," ló wí. "Á ní kò sí nǹkan kan."

Daon mi orí bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí ọbẹ̀ hàn. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín sí dùùrù bí olóṣèlú tó ń wá ìbò, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kò sí nǹkan kan, tó wá ń retí kí wọ́n ní kó lọ sinmi. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó padà sí ojú fífún pọ̀.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ àyálò tó gbá sókè yíká wọn bí agboòrùn, àwọn òbí gbé òdòdó lọ́wọ́, Ọ̀gá Gwak gba àyè ẹni méjì. Ju Seungbeom náà wá, tòun taṣọ ọrùn rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Àwọn ọmọ tẹ tiwọn tán, àwọn tó ṣì í ṣì í, àwọn tó gbàgbé gbàgbé, àwọn ìyá wọn sì pàtẹ́wọ́ fún gbogbo rẹ̀. Ó wá kan Tíṣà.

Ká má parọ́, obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ jáde bí omi, àwọn ìyá tó sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn sì ń wo ara wọn. Ayọ̀ bo Yeonsuk. Ó ṣe é bí ẹni pé ọjọ́ ìdánwò nì ló padà wá, tí apá kò sì kọ̀. Nígbà tó dé àárín orin, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń fò káàkiri, iná kan gba ìgúnpá rẹ̀ wọ èjìká. Èjìká gbéra, ó ń lọ sọ́dọ̀ etí. Yeonsuk kọjú sí àwọn èèyàn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín," ni ìyá kan sọ. "Ó ti mọ́ ọn lára."

Ní ìlà iwájú, Daon dìde, ó na ọwọ́ sókè gangan bíi ti yàrá ẹ̀kọ́. "Tíṣà," ló pè, "ó ń dùn!"

Inú gbogbo ènìyàn dùn sí ọmọ tó mọyì orin. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn, ó dùn gan-an, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Màmá Daon fà á láṣọ pé kó jókòó, àmọ́ inú tirẹ̀ náà dùn díẹ̀.

"Mi ò ní ó dùn," ni Daon sọ, ó ti fẹ́ sunkún báyìí, kò sì fún ojú pọ̀ rárá. "Mo ní ó ń dùn wọ́n!"

"Kò sí nǹkan kan," ni Yeonsuk wí látorí ìtàgé, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó wo ìlà iwájú, ó rí gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó láìṣẹ́jú, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n mọ̀ bóyá òfin náà wà fún ìgbà tí nǹkan bá ṣe pàtàkì, àbí fún ìgbà tteokbokki nìkan. Ohun tó kù nínú orin náà kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Ju Seungbeom wà lẹ́yìn. Yeonsuk gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó na ọ̀tún sókè dé ibi tó lè dé, tí kò tilẹ̀ dé èjìká.

"Ó ń dùn mí," ló sọ.

Ó pa dùùrù dé, ó tẹrí ba, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá Gwak nìkan ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ń gbá a bí ẹni ń fọ́ pákó, kí àwọn ọmọ tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Lára àwọn ìyá, àwọn kan kò pàtẹ́wọ́. Kí ọdún tuntun tó dé, àwọn yẹn ti kó ọmọ wọn lọ sí òdìkejì títì. Yeonsuk sunkún sí i nílé, torí ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, ó sì fẹ́ràn orin ará Rọ́ṣíà náà pẹ̀lú. Ó gbé ìwé orin náà sórí pẹpẹ, ó sì jẹ́ kí apá sinmi. Díẹ̀díẹ̀, òórùn pásù kúrò nílé, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ń bi í bóyá ó ti ta dùùrù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ìrúwé, Daon ń tẹ orin rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ṣàdédé dúró, ó gbé imú sókè.

"Tíṣà," ló wí, "dùùrù kan ń gòkè bọ̀ o."

Yeonsuk náà gbóòórùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Ju Seungbeom dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun taṣọ ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó ní òun kàn ní kóun yà kí wọn ni. Ó sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó sọ̀rọ̀ nípa bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣe ṣòro tó. Láti ọdún tó kọjá ni Yeonsuk ti to èébú sílẹ̀ dè é, tó gún régé, tó sì dùn lẹ́nu. Kò rántí ẹyọ kan mọ́. Ó fa àga kan fún un.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?" ló bi í.

Ju Seungbeom rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá o. Kò sí nǹkan kan."

Daon ló bá a na ọwọ́ sókè.