Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Pariwo Ni Mo Rà

Ta ló ní àgbàlagbà ò gbọdọ̀ pariwo?

Èmi àti Ṣadé, ọmọ mi, lọ ra kíbọ́ọ̀dù ní Yábàá lónìí. Kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń gbá géèmù, òun náà ni mo fi ń bú yín lórí ayélujára níbí.

Ọlọ́jà ní kí n tẹ suwíìṣì tó wà lábẹ́ lẹ́tà wò, oríṣi méjì ni, pupa àti búlúù. Pupa ò dún rárá. Búlúù ń ta pá-pá-pá bí gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná.

Ọlọ́jà ní, "Bàbá, ẹ mú pupa. Ó rọ ìka lọ́rùn, àwọn tó ń gbá géèmù fẹ́ràn ẹ̀."

Ṣadé ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, pupa. Ariwo ẹnu yín ti tó wa nílé."

Mo ní, "Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀, ṣebí ìwọ lò ń ṣílẹ̀kùn pé, 'Bàámi, ṣé kò sí nǹkan o?' Ṣé ìkòkò ẹ̀wà ni mí, tí o fi ń ṣí mi wò? Búlúù ni mo fẹ́. Bó o bá ti ń gbọ́ pá-pá-pá, mo wà láyé. Fi ilẹ̀kùn mi sílẹ̀!"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí. Ṣadé ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé búlúù fúnra ẹ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ o, Bàámi."

Òun ni mo fi ń tẹ èyí. Pupa àbí búlúù, kí lẹ rí sí i? Ẹni tó bá ní pupa, màá bú u, gbogbo ilé ló sì máa gbọ́.