Ọjọ́ Tí Mo Lé Àfẹ́sọ́nà Ọmọ Mi Dé Títì Ayọ̀bọ̀

Òórùn àtíkè àti ti pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn gé ni mo fi ń rántí gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣeré nígbà náà, nítòsí ọjà Ìkọ̀tún. Yàrá tí a ti ń múra lẹ́yìn aṣọ ìtàgé kò tóbi ju ilé adìẹ lọ, ooru ibẹ̀ á sì mú kí àtíkè máa ṣàn lọ́rùn èèyàn bí omi ẹ̀kọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, káfíńtà ni mí, àga ọba ni ẹgbẹ́ eléré náà ní kí n wá kàn fún àwọn. Mo kàn án tán, mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn láti wò ó bóyá ọba máa jókòó tí àga ò ní ṣẹ́. Àga ò ṣẹ́ o, àmọ́ èmi ni mi ò lè dìde mọ́; bí mo ṣe di eléré nínú ẹgbẹ́ wọn nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, má rò pé akọni ni mí o. Ojo ni mí. Bí mo bá ti gbọ́ ariwo èrò níwájú aṣọ ìtàgé báyìí, orúnkún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, ilé ìtọ̀ ni màá lọ, màá bọ̀, màá tún lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa fi ń fún mi ní ìránṣẹ́ ọba ṣe nígbà gbogbo. "Kábíyèsí, àlejò dé," ó tán. Ọdún ń gorí ọdún, àlejò ń dé, èmi ò dé ibì kankan.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa ní. Bàbá àgbàlagbà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í ṣí fìlà lórí. Ó ní bí o bá ti bọ́ sórí ìtàgé, ìbáà jẹ́ ṣòkòtò ló já, ìbáà jẹ́ eku ló gun ọ́ lẹ́sẹ̀, o ò gbọdọ̀ dúró àfi tí iná ìtàgé bá kú. "Ẹni tó bá dúró kí iná tó kú," bàbá á ní, "ó ti tú ara rẹ̀ síhòòhò níwájú èrò." A bẹ̀rù òfin yẹn ju ọlọ́pàá lọ.

Ìgbà wá yí padà, èrò ò wá sí gbọ̀ngàn mọ́, fóònù ni gbogbo ayé ń wò. Ìyàwó mi, tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ní, "Bàbá àwọn ọmọ, àlejò yẹn ti dé tó jàre. Ẹ padà sídìí ayùn." Ọ̀gá wa ti bá mi wá ipa kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní Ayọ̀bọ̀: mẹ́gáàdì tó ń ṣí géètì. Mo ṣèlérí fún ìyàwó mi pé tó bá jẹ́ géètì nìkan ni mo ṣí títí a fi ṣe tán, ó parí nìyẹn, mi ò tún ní dárúkọ eré mọ́.

Ilé tuntun kan ni, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa, ọ̀nà ibẹ̀ rí gbágungbàgun. Èmi àti ọ̀gá mi, tó sìn mí wá, dé ibẹ̀, ọ̀gá jókòó sábẹ́ ìbòòji, àmọ́ òṣèré tó yẹ kó ṣe bàbá ìyàwó ò dé. Wọ́n pè é títí, ó ní ibòmíràn lòun wà. Olùdarí, ọmọbìnrin kan tó dé fìlà, tí mo lè bí lọ́mọ, ń rìn síwá sẹ́yìn. Ló bá rí mi.

"Ẹ̀yin bàbá onígéètì, ṣé ẹ lè bínú?"

Mo ní, "Bínú báwo, àǹtí?"

"Ọmọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, ẹ ò gbà. Ẹ lé e jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni kẹ́ ẹ sọ. Tó bá dáa, ẹ̀yin lẹ máa ṣe bàbá yẹn dé òpin. Tí ò bá dáa, ẹ padà sídìí géètì yín."

Orúnkún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ètè náà ò gbẹ́yìn. Mo lanu, ohùn ò jáde, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ti ń yà mí. Nígbà tó máa jáde, ohùn orí ìtàgé ni, èyí tí à ń jù sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá: "Ìwọ! Ta ló fọ̀nà ilé mi hàn ọ́?" Ọmọkùnrin yẹn fò sẹ́yìn ní ti òótọ́. Gbígbọ̀n tí mo ń gbọ̀n, ìbínú ni gbogbo wọn kà á sí! Inú mi bá dùn, mo fa ìgbálẹ̀ kan yọ lẹ́bàá ògiri, mo gbá tẹ̀ lé e.

Olùdarí pariwo, "Kọ́tì!" Ìyẹn ni pé ó tó, ká dúró. Gbogbo wọn dúró, èmi nìkan ni mi ò dúró. Ṣé iná kú ni? Oòrùn ọ̀sán ń ràn yanran lórí mi, ta ló fẹ́ pa ìyẹn? Géètì tó yẹ kí n ṣí, mo gbà á kọjá bí afẹ́fẹ́. Mo lé ọmọ ọlọ́mọ dé títì. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà kan tẹ búréèkì. Màmá kan tó ń sá aṣọ ní ilé òdìkejì ju aṣọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi nínú eruku.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ sọ ìgbálẹ̀ yẹn nù! Wọn kì í fi na ọkùnrin!"

"Ẹ yẹ̀ lọ́nà, màmá! Ọmọ mi ló fẹ́ gbé lọ!"

"Ṣé ẹ̀yin ò gbé ọmọ ẹlòmíràn rí ni? Ìyá tó wà nílé yín, ṣé ilẹ̀ lẹ ti hú u?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ń ro mí. Mo rántí àna mi, tó ní òun ò ní fún káfíńtà lọ́mọ. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, omijé dé láìpè. Mo nawọ́ sí ọmọkùnrin yẹn, mo ní, "Máa bọ̀. Wá jẹun." Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ti sáré tẹ̀ lé wa, olùdarí ń juwọ́ sí ẹni tó gbé e pé kó má dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́nu mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ọ̀gá mi ló dìde lábẹ́ ìbòòji, ó rọra rìn wá, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí orí bàbá yẹn, ó sì fi bo ojú mi. Ilẹ̀ ṣú. Ó sọ létí mi pé, "Iná ti kú."

Mo lulẹ̀ sí títì, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Màmá ní, "Àbí eré lẹ ń ṣe? Ẹ̀yin onírọ́ yìí!" ó sì fi aṣọ tútù nà mí lẹ́yìn. Mo délé, ìyàwó mi bi mí pé géètì ńkọ́. Mo ní, "Ẹlòmíràn ló ń ṣí i."

Láti ìgbà náà, mo ti ṣe bàbá oríṣiríṣi nínú fíìmù: alágídí, ọ̀mùtí, alàájì, wòlíì. Bí mo bá gba Ayọ̀bọ̀ kọjá, màmá yẹn ṣì ń kígbe pé, "Bàbá ìyàwó! Ọmọ yẹn ti bímọ?" Màá ní, "Ó ti bí, màmá. Ó jọ yín." Ẹ̀rù ò kúrò lára mi o. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó lọ mọ́ ni. Tí orúnkún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé. Ọ̀gá mi ti re ibi àgbà ń rè. Wọ́n lè pariwo "kọ́tì" títí ohùn wọn á fi há, màá kọ́kọ́ di ojú mi méjèèjì ná. Ìgbà tí mo bá rí òkùnkùn fìlà yẹn ni mo tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.