Àmì Orí Òrí

Òórùn òrí tó ń hó lórí iná kì í tètè kúrò lára aṣọ. Mo rántí pé lọ́dún tí ìyàwó mi kú, mo fọ gbogbo aṣọ mi, mo sá wọn, mo tún wọ̀ wọ́n, òórùn àgọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú wọn. Àgọ́ náà wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣakí. Ibẹ̀ ni òun àti obìnrin mẹ́fà ti ń fọ́ èso òrí, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Ìyàwó mi kò kàwé. Bí òrí bá ti dì, tó sì ti mọ ọ́n róbótó, yóò tẹ ìka mẹ́ta sí i lórí kó tó gbé e sínú igbá. Ìka mẹ́ta yẹn ni ìfọwọ́sí rẹ̀. Alájàpá kan ló máa ń kó o lọ sí Ìgbẹ́tì, Komu àti Ipapo, àmì yẹn sì ni àwọn oníbàárà máa ń wò kí wọ́n tó rà á.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn obìnrin náà ń ṣe òrí lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ ti ìka bọ àmì ẹni tó ti kú. Alájàpá ní òrí tí kò ní àmì kò yá, ó sì lọ bá ẹlòmíràn. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa mú, tí ó yẹ kí ètè gbogbo èèyàn máa wá òrí kiri, igbá ti kún àgọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn obìnrin náà wá bá mi. Ó ní bí òjò bá fi dé bá ọjà yìí nílẹ̀, kálukú yóò wá ibòmíràn lọ. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, a ò lè máa pò ó, kó máa wò wá.” Ó mọ̀ pé mo ti ṣèlérí fún olóògbé lórí àìsàn pé iná àgọ́ náà kò ní kú. Kò mẹ́nu kàn án. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbọ́ nípa olùkọ́ ìpolówó kan tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ọjà, bí a ṣe ń polówó lórí fóònù. Ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, ó wọ kóòtù, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Nígbà tí mo débẹ̀, ó bi mí pé èèyàn mélòó ló ń tẹ̀ lé mi lórí fóònù. Mo ní kò sí. Ní ìlú wa, ẹni tí èrò bá ń tẹ̀ lé, bí kò bá jẹ́ àlùfáà, á jẹ́ olè tí wọ́n ń lé. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mi ò pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo dáhùn ìbéèrè ni.

Ó tẹ̀ lé mi wálé kí ó lè bá mi ṣe ìpolówó àkọ́kọ́. Mo ti kọ tèmi sílẹ̀ dè é. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀wé kọ, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, lọ́wọ́ ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò nídìí pátákó láìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ewúrẹ́ tí kò ní okùn ni. Ilé onílé ni yóò wọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìpolówó mi ní ojú ewé kan. Mo kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, mo kí àwọn aláìsàn, mo kí gbogbo ará ní “ẹ kú ọyẹ́,” kí n tó dé orí ọjà. Àmì rẹ̀ pé pérépéré.

Olùkọ́ ìpolówó kà á, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn tó wà lórí fóònù ń kánjú, ta ló ráyè ìkíni? Ó ní kí n gé e kúrú, kí n sì yọ gbogbo àmì wọ̀nyẹn, nítorí ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dà bí ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ìtìjú mú mi. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé a máa tètè gbà pé òun ni kò mọ̀ ọ́n. Mo tún ní kó ya àwòrán òrí, ó kọ̀. Ó ní ojú olówò ni oníbàárà fi ń fọkàn tán an. Ó ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ pẹ̀lú igi ìrokà tí wọ́n fi ń ro òrí lọ́wọ́, kí n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbìyànjú. Ohun tó jáde lójú mi kì í ṣe ẹ̀rín. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà nìyí:

ORI TUTU WA NILE. A TI FO O MO DAADAA. KO LOORUN. E TETE WA.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Kí a tó kírun tán, fóònù ti ń gbọ̀n nínú àpò mi bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo rò pé àdúrà ló gbà. Nígbà tí mo délé, ẹnìkan ti kọ̀wé pé èló ni ọ̀kan. Oníbàárà àkọ́kọ́! Mo bi í pé ńlá ni àbí kékeré, èmi náà kò fi àmì sí i mọ́. Ó ní ńlá. Ó bi mí pé ṣé ó pé, mo ní ó pé, kò sí àbùlà. Ó bi mí pé ṣé tọkùnrin wà. Mo ní rárá, obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá béèrè ibi tí ojú èèyàn kò tó. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Mo ní kó wá sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń rà á.

Kó tó dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dé. Olórí wọn mọ̀ mí dáadáa, òrí ìyàwó mi ló fi ń pa orúnkún rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Kò lè wò mí lójú.

“Bàbá Ìbejì, ẹ kú ilé. Wọ́n ń pè wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ẹ ń ta orí.”

“Òrí ni mò ń tà.”

Ó wo àwòrán mi lórí fóònù rẹ̀, ó tún wo ojú mi. “Ṣé ẹ rí i, Bàbá, kì í ṣe ohun tí wọ́n kà nìyẹn.”

Ó ní kí n má bínú, ẹni tó pè wọ́n kò ní gbà bí wọn kò bá wo inú àgọ́. Ó ti ọwọ́ bọ igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá orí nínú òrí. Apá rẹ̀ ń dán dé ìgúnpá nígbà tó ń lọ. Mo fún un ní nọ́ḿbà oníbàárà mi. A pè é títí, kò gbé e. Nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó rí ìpolówó mi, ẹnìkan péré ló fẹ́ rà, kì í sì í ṣe òrí ló fẹ́.

Olùkọ́ ìpolówó pè mí ní ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Bàbá, ayé ti mọ̀ yín báyìí. Ìdajì iṣẹ́ ti parí.” Mo ní kó bá mi yọ ọ́ kúrò.

Ní ọjọ́ kejì ni ìyá olùkọ́ wá. Ó fi awò ojú ka ìpolówó náà, tí wọn kò tíì yọ kúrò, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

“Níbo lẹ gbé àmì tí mo fún yín sí?”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó tì mí lọ sínú àgọ́, ó ní kí n ya àwòrán ọjà, kí n fi ojú mi sílẹ̀. Mo mú òrí kan. Ó funfun, ó róbótó, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ìyá àgbà bá mi tẹ ìka mẹ́ta sí i. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Ìka tèmi kọ́ ló yẹ níbẹ̀, Bàbá Ìbejì. Tiyín ni.” Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Òrí náà tutù, ó sì rọ̀, ìka mi wọlé ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo kọ “òrí,” mo fi àmì sí i, mo sì kí àwọn ará kí n tó kọ ọ́. Èèyàn mélòó kan péré ló wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan kọ̀wé láti Ìgbẹ́tì. Ọkọ rẹ̀ ń fọ́ òkúta, ọyẹ́ sì ti la ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ti wá òrí oníka mẹ́ta títí, ṣé ti ìyá yẹn ni? Kí ló dé tí ìka náà tóbi báyìí?

Èsì náà gbà mí títí di ìrun Àsárì. Mo fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà ka “ọkọ” sí “ọkọ̀,” kó má sì rò pé nǹkan kan ṣì kù. Mo kọ ọ́ pé: “Ìka ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá náà ti kú.”

Òun àti àwọn aya afọ́kùúta mìíràn ló jọ wọkọ̀ wá. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó, wọ́n bá wa kẹ́dùn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan òrí. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, igbá ti tán lẹ́nu ọ̀nà àgọ́.

Wọ́n ní olùkọ́ ìpolówó máa ń sọ ìtàn mi ní gbọ̀ngàn rẹ̀ báyìí, pé òun ni òun sọ mí di gbajúmọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Láràárọ̀, bí òrí bá ti dì, àwọn obìnrin náà á sún un síwájú mi, mo sì máa ń tẹ ìka mẹ́ta sí i. Ìka mi ṣì tóbi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.