Ìyá Àgbà Kí Àwọn Òkú Inú Tẹlifíṣọ̀n

Lánàá, òkú kan kérora nínú apá kejì eré fídíò adẹ́rùbani tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo sì rántí ọ̀sán kan nílé wa ní Kpoulou.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe apá kìíní eré náà, ó ń yìnbọn lu àwọn òkú tó jí dìde. Èmi ti sá sẹ́yìn àga. Ìyá àgbà wọlé, òórùn epo pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí àwọn òkú náà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ọkọ mi wà láàárín yín?"

Gbogbo òkú náà dúró sójú kan, wọ́n ń gbọ́ ọ. Mo yọjú láti ẹ̀yìn àga.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ló rọra tẹ bọ́tìnì tó dá eré dúró.

Àwọn tó ti ṣe é ní apá kejì yìí kò ní nǹkan tuntun. Èmi ò tíì yìnbọn rárá. Ojú àwọn òkú inú rẹ̀ ni mo ṣì ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan.