Ẹ̀pà Etí Ìró

Ó ti rẹ̀ mí kí ọkọ̀ wa tó dé Kútọ̀, àárẹ̀ náà kò sì kúrò lára mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Abẹ́òkúta.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní òdì-kejì ẹnubodè. Yorùbá là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ọdún tí àwọn ológun Nàìjíríà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni pásítọ̀ wa dìde lọ́jọ́ ìsìn kan, tó ní ìjọ kan wà ní Abẹ́òkúta tó ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí kò lẹ́nìkan, pé wọ́n ń wá ẹni tó lè lọ sìn níbẹ̀ fún ọdún kan láìgbowó. Kí ó tó jókòó, ojú gbogbo ìjọ ti wà lára mi. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi sì ti ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Bí àga tó ṣófo ni opó rí lójú àwọn èèyàn, ẹni tó bá ṣáà ti nílò rẹ̀ á kàn wọ́ ọ lọ síbi tó wù ú ni. Wọ́n ní Olúwa ló pè mí. Mi ò jiyàn. Àmọ́ Olúwa ò sọ fún mi pé aṣọ tí àwọn àgbàlagbà tọ̀ sí ni mo ń lọ fọ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òwu ni ilé náà wà. Arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tí kì í yọjú, àwọn kan ò bímọ rárá, ọkọ lé ẹlòmíràn jáde nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Aago àdúrà á lù ní ìdájí, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni omi. Ẹ̀rọ omi tó wà níbẹ̀ kì í ṣí àfi nígbà tó bá wù ú, nítorí náà, garawa ni èmi àti àwọn ọmọbìnrin ìjọ fi ń pọnmi láti ilé kejì. Èmi ni mò ń fọṣọ. Ọṣẹ bó ọwọ́ mi títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń ta mí tí mo bá mú ṣíbí. Bí mo bá tún jókòó pé kí n sinmi, ẹnì kan á ní, "Ará Kùtọnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ Faransé díẹ̀ ká gbọ́." Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi pé Àjàṣẹ́ kì í ṣe Kùtọnu. Nígbà tó yá, mo ń jẹ́ ẹ.

Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti débẹ̀ kí wọ́n tó mú Màmá Kútọ̀ wá. Àwa la sọ ọ́ ní Màmá Kútọ̀, torí ibùdókọ̀ ni ọlọ́pàá ti rí i. Awakọ̀ tó gbé e láti Èkó ní àwọn kan tó ti Àbíjàn dé ló fi í sínú ọkọ̀ òun, tí wọ́n ní ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọkọ rẹ̀ kú sí ọ̀hún, kí òun já a sílẹ̀ ní Kútọ̀, ó mọ ilé. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ síbi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, ilé dàrú mọ́ ọn lójú. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ títí ọjà fi tú.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù, bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá, kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Olówó-orí mi ni."

"Orúkọ tí wọ́n ń pè é ńkọ́?"

Màmá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Ṣé wọ́n ń dárúkọ ọkọ ni?"

"Agboolé ta ni wọ́n gbé yín lọ nígbà tẹ́ ẹ ṣe ìyàwó?"

Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀. "Ilé Eyínfúnjowó. Ilé Adúmáadán. Ilé Ọlọ́wọ́-aró."

Ohun tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò bímọ rí, nítorí náà kò sí orúkọ ọmọ tí a lè fi pè é. Wọ́n kéde lórí rédíò. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu olùkéde nígbà tó dé orí Eyínfúnjowó, ó dà bíi pé ó rò pé ìyá arúgbó kan ló ń kéwì. Ẹnikẹ́ni ò wá.

Mùsùlùmí ni. Kí aago àdúrà wa tó lù, ó ti máa ń bomi sí ọwọ́, sí ojú, sí ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn kan nínú ìjọ ń kùn, Mátírọ́ọ̀nù ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ò wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ni?" Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kí n sinmi.

Ohun kan ni Màmá Kútọ̀ ń ṣe tó ń bí mi nínú. Ní ọ̀sán, a máa ń pín gààrì àti ẹ̀pà. Kò ní eyín kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í fi ẹ̀pà tirẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í fún ẹlòmíràn. Yóò so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ ní kókó tó le bí òkúta. Ìgbà tí mo bá ti ri ìró náà sómi tán ni mo máa ń rí i, tí ẹ̀pà á ti wú, tí awọ pupa rẹ̀ á ti ta sí aṣọ funfun ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, mo bínú lọ bá a.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀pà ṣe? Ẹ ò kúkú lè jẹ ẹ́."

"Kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ni ín?"

"Ó ń bọ̀," ló wí, ó sì fi ọwọ́ bo etí ìró rẹ̀, àfi bí ẹni pé olè ni mí. Mo padà sídìí ọpọ́n. Kò sí ẹni tó ń bọ̀, gbogbo wa la mọ̀.

Nígbà tí Àjíǹde ku díẹ̀, àwọn alàgbà ìjọ ṣèpàdé. Àyè ò sí mọ́, oúnjẹ ò sì tó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìbátan kankan ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ńlá tí ìjọba ní l'Ékòó lẹ́yìn ọdún. Màmá Kútọ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà bá wí. Mátírọ́ọ̀nù sọ ọ́ fún mi lẹ́bàá okùn aṣọ, kò wò mí lójú. Inú bí mi. Obìnrin yìí ti rìn láti Àbíjàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọlé, a sì fẹ́ gbé e padà sí Èkó tí kò ti sí ẹni tó máa wá a láéláé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n onílé tí kò mọ ilé mọ́ ńkọ́? Ọdún tèmi náà fẹ́ pé. Èmi máa lọ sí Ìdìrókò, mo máa sọdá, mo mọ ẹnu ọ̀nà wa. Ìtìjú ìyẹn wà lára mi bí òógùn.

Ìdájí ọjọ́ kan ni mo kúnlẹ̀ tí mò ń gbàdúrà fún àwọn ará ilé ọkọ mi bí ìṣe mi. Oorun ṣì wà lójú mi. "Olúwa, rántí Bàbá Kékeré. Rántí Ìbàdíàrán, fún un lọ́mọ. Rántí Akọ́wé nídìí iṣẹ́ rẹ̀." Mo dákẹ́. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbàdíàrán ò ju ọmọdé tó ń sáré kiri pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lọ nígbà tí mo wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, mo sì sọ ọ́ lórúkọ tó tọ́ kí ìyàwó máa pè é. Bí iyè mi bá lọ lọ́la, orúkọ tó máa kù lẹ́nu mi nìyẹn.

Mi ò parí àdúrà náà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Mátírọ́ọ̀nù, mo sì sọ fún un pé àwọn ọmọ ilé ọkọ Màmá ló sọ lórúkọ wọ̀nyẹn.

"Sísítà, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí," ló wí. "Ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ? Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àmọ́ agboolé wo ni kò ní Eyínfúnjowó ní Abẹ́òkúta? Tẹ́ ẹ bá sọ òkò sójà báyìí, Eyínfúnjowó ló máa bà."

"Ọlọ́wọ́-aró ńkọ́?"

"Ìyẹn ò wọ́pọ̀."

"Ọmọ tó ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró ni wọ́n á máa pè bẹ́ẹ̀. Ilé aláró ni, ilé Mùsùlùmí sì ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a."

"Ta ló máa fọṣọ?"

"Kí aṣọ dúró," mo wí. Èmi náà ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ìjẹmọ̀ ni mo lọ, torí wọ́n sọ fún mi pé agboolé aláró wà níbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Òkè àti ọ̀gbun, àpáta lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá dé agboolé kan, mo máa kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo máa béèrè ẹni tí ìyàwó ilé kan ń pè ní Ọlọ́wọ́-aró nígbà kan rí. Àwọn obìnrin tó ń rẹ aṣọ á na ọwọ́ wọn tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ sí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ mú èyí tó wù yín." Ohùn Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́nu mi tún ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo ti fẹ́ padà, mo kàn fìdí lé ìkòkò aró kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní agboolé tó kẹ́yìn ni, mo sì béèrè láìretí ohunkóhun.

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí ẹní, tí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, dáwọ́ dúró.

"Ta ló gbé orúkọ yẹn lé ọ lẹ́nu?"

Mo rò fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Ọlọ́wọ́-aró," ó wí. "A ti sin ín tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé àfi ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa àgbà, àwọn tó lọ sí Àbíjàn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ti kú sọ́hùn-ún." Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni Eyínfúnjowó."

Ó la ẹnu. Kò sí eyín kan níbẹ̀.

Ó tẹ̀ lé mi padà sí Òwu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Màmá Kútọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba atẹ́gùn. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Màmá, Eyínfúnjowó yín ti dé."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Kì í ṣe òun," ó wí jẹ́ẹ́. "Eyínfúnjowó ní eyín."

Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn, ẹni tí a fi ọjọ́ méjì wá yìí máa padà, Èkó ló kàn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà ò bá a jiyàn. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó rọra lóṣòó síwájú rẹ̀ bí ọmọdé, ó rẹ́rìn-ín tó fẹ̀ dé etí, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyàwó wa, mo ti rẹ́rìn-ín. Tèmi dà?"

Màmá wo ọwọ́ náà. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Lẹ́yìn náà ó wá etí ìró rẹ̀, ó fi èékánná tú kókó tó le bí òkúta yẹn, ó da gbogbo ẹ̀pà rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ náà. Kí a tó mọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó ti gbé pọ̀n rí.

"Ọkọ mi," ó wí, "ẹ mà pẹ́."

Eyínfúnjowó kó ẹ̀pà náà sẹ́nu. Kò lè rún un. Ó kàn fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tu ú dànù títí òun àti ìyàwó wọn fi kó ẹrù tí wọ́n fi lọ.

Mo fọ aṣọ tó ti dúró dè mí. Lẹ́yìn Àjíǹde, mo padà sílé. Gbogbo wọn jáde wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ní Àjàṣẹ́, ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè gbé àpò mi. Síbẹ̀, mo dúró lójú agbo, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Kékeré, Ìbàdíàrán, Akọ́wé, mo pè wọ́n sókè kí wọ́n má bàa gbàgbé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu mi, mo sì tún wọn pè. Wọ́n rò pé inú mi dùn ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.