Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Mi Lọ Wo Yìnyín

Ọjọ́ tí Délé ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi kúrò ní Manchester lọ wo yìnyín ni n kò lè gbàgbé. A dúró létí adágún kan, a tún dúró nílé ọba àtijọ́ kan. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Délé, gbé fóònù mi wá, kí n fi han Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi n'Ìjẹ̀bú."

"Mọ́mì, kò ní chájì."

"Tìẹ ńkọ́?"

Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi.

Nígbà tí a padà délé, bàtà àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ ní kí n jókòó. Àṣé Àbẹ̀kẹ́ ti kú láàárọ̀. Wọ́n ń gbé mi kiri kí àwọn tó máa túfọ̀ lè pé jọ ni.

Tọ́lá ọmọọmọ mi, ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò bínú sí Délé bàbá ẹ. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà ló ń dùn mí.