Bátìrì Ọlọ́runtọ́ba Kì í Kọjá Ọjọ́rú

Ọlọ́runtọ́ba kì í ṣe ènìyàn búburú. Mo fẹ́ kí èyí ṣáájú, nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀lé e lè mú kí ẹlòmíràn rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú Kàbà ni. Ní ọdún 1994, ó ń ṣájì bátìrì mọ́tò lẹ́bàá ibùdókọ̀ Kawo ní Kaduna, ó sì ń gbé yàrá méjì ní Kabala Costain pẹ̀lú Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Queen ọmọ wọn. Kì í mutí. Kì í jalè. Ìbínú nìkan ló ní, èyí tó ní sì tó ènìyàn mẹ́ta pín.

Ìbínú náà ní kàlẹ́ńdà. Bí ó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ Ajé, bí o bá da omi ìdọ̀tí sí i lẹ́sẹ̀, á ní kí Ọlọ́run bù kún ọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á kàn wò ọ́. Tó bá di Ọjọ́rú, kí oníkálukú mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ yá òòlù rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni ká lọ.

Òun fúnra rẹ̀ kò sẹ́. Ó ní bí bátìrì ni Kristẹni ṣe rí: a ó ṣájì rẹ̀, a ó lò ó, á kú, a ó tún gbé e padà. "Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi ń gbà," ni ó máa ń wí, bí ẹni ń sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀. Queen, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á bèèrè ní Hausa: "Baba, caji ya ƙare?" Bí ohùn bàbá rẹ̀ bá fi hàn pé ṣájì ti tán lóòótọ́, ọmọ náà á sá lọ sọ́dọ̀ Ṣẹ̀fíátù.

Ṣẹ̀fíátù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna ni, Mùsùlùmí, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ń sin àgbò kan de Iléyá. Àgbò yìí ni ọ̀ràn. Ó ti jẹ ìbọ̀sẹ̀ Ọlọ́runtọ́ba, ó ti jẹ fìlà rẹ̀. Kì í jẹ nǹkan ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìjà kẹta lórí àgbò náà, Alhaji onílé pe Ọlọ́runtọ́ba, ó ní bí òun bá tún gbọ́ ariwo ẹyọ kan ṣáájú Iléyá, kí ó wá ilé mìíràn. Oyún oṣù méje wà nínú Moróunkẹ́. Kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ìkòkò sínú páálí láìsọ̀rọ̀, èyí sì ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù ju ẹkún lọ.

Kí ni Ọlọ́runtọ́ba ṣe? Ó fi ṣájì kún ṣájì. Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sí ìjọ tirẹ̀; lọ́jọ́ Ajé, ìjọ kan ní Malali; lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òmíràn ní Kawo. Àwọn kan ń sọ pé ìjọ márùn-ún ni. Mẹ́ta ni. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bó ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí òróró àdúrà ń yọ̀ lórí rẹ̀, Ìyá Matilda, tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Bíbélì ní ìjọ wọn, gbé bátìrì mọ́tò rẹ̀ dé.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta rèé lóṣù yìí."

"Ó tún kú ni, ọmọ mi."

"Yóò máa kú ni. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì yìí. Bátìrì tó bá wà nínú mọ́tò, tí wáyà rẹ̀ dè dáadáa, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣájì rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Fánbẹ́líìtì tó ń fa agbára ẹ́ńjìnnì wá fún un ló já, ẹ wá ń gbé bátìrì kiri. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣájà mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú, kó tó di Ọjọ́rú, ó ti kú."

Ìyá Matilda jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò yára.

"Tún un sọ."

"Màmá, mo ní..." Ó wo bátìrì náà.

"Mo gbọ́ pé o lọ sí Malali lọ́jọ́ Ajé," ni ìyá náà wí.

Ọlọ́runtọ́ba fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Jésù kò ní kí a máa wá kí òun, kí a sì máa lọ," ni Ìyá Matilda wí. "Ó ní kí a máa gbé inú òun. Ṣé ẹni tó ń gbé inú ilé ni í máa wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé inú rẹ̀ ní Kawo, Màmá? Pẹ̀lú àwọn dírẹ́bà yìí?"

"Níbo ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣájì bátìrì, ṣé kì í ṣe lójú títì? Bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí ọ gan-an. Má dúró dìgbà tí o bá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó gbé bátìrì rẹ̀ láìṣájì, ó lọ wá fánbẹ́líìtì.

Láti ọjọ́ náà ni Ọlọ́runtọ́ba ti ń bá Olúwa sọ̀rọ̀. "Olúwa, mo wà níbí," bó ṣe ń bu omi sí bátìrì. "Olúwa, mo ṣì wà níbí," bí dírẹ́bà bá ń bú u. Oníbàárà méjì gbé bátìrì wọn lọ síbòmíràn.

"Ìyá Queen, ẹ má bínú," ni Ṣẹ̀fíátù wí fún Moróunkẹ́, "ṣé orí Bàbá Queen pé?"

"Èmi náà ń wò ó ni," ni Moróunkẹ́ dáhùn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Ọlọ́runtọ́ba ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àgbò lábẹ́ okùn aṣọ, apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń wọlé sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ṣẹ̀fíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó káwọ́ gbera. Àwọn aládùúgbò gbé àpótí síta, wọ́n jókòó. Moróunkẹ́ na ọwọ́ sí páálí.

Ọlọ́runtọ́ba di òpó okùn aṣọ mú.

"Olúwa, mo wà níbí," ni ó wí. "Àgbò wà níbí. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Inú ń bí mi gan-an. Máa gbé inú mi, Olúwa, nítorí bí o bá jáde báyìí, àgbò yìí kú."

Ṣẹ̀fíátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa àgbò rẹ̀ kúrò. "Bàbá Queen, láti àárọ̀ ni mo ti kó èébú jọ dè yín. Kí ni kí n wá fi ṣe báyìí?"

Alhaji dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó bi Ṣẹ̀fíátù bóyá ariwo wà.

"Ariwo wà, Alhaji. Ọlọ́run ni Bàbá Queen pa á sí, kì í ṣe èmi."

Alhaji rò ó. "To, ó dára. Kí Bàbá Queen máa gbé ibẹ̀. Àgbò ni yóò lọ."

Moróunkẹ́ tú ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Iléyá, Ṣẹ̀fíátù gbé ẹran wá fún wọn. Ọlọ́runtọ́ba gbàdúrà sí i, ó jẹ ẹ́, ó ní òun ń gbọ́ adùn ṣẹ́ẹ̀tì òun nínú rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé ìbínú rẹ̀ tán. Queen ṣì ń yọjú lọ́jọ́rú láti bèèrè bóyá ṣájì ti tán. Bàbá rẹ̀ á wò ó dáadáa kó tó dáhùn.

"Mo ṣì wà nínú mọ́tò, ọmọ mi."